Bí mo ṣe gba owó kọ́ṣọ̀n mi padà lọ́wọ́ onílé ní Bàrígà

₦240,000 lọ́dún ni owó yàrá tí mo gbà ní Bàrígà. Kí kọ́kọ́rọ́ tó dé ọwọ́ mi, ₦410,000 ti kúrò lápò mi: éjẹ́ǹtì gba ₦50,000, agírímẹ́ǹtì ₦60,000, kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó ìdúró fún ohun tí ayálégbé bá bàjẹ́, tí wọ́n máa ń dá padà tó bá ń kó jáde, ₦60,000. Agírímẹ́ǹtì wo? Bébà ojú ewé méjì, tí orúkọ ẹni tó gbébẹ̀ ṣáájú mi ṣì wà lójú ewé kejì!

Ọdún méjì ni mo lò níbẹ̀, n kò jẹ onílé ní kọ́bọ̀. Mo kó jáde, mo fọ ilẹ̀, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà, mo ní kí wọ́n fún mi ní ₦60,000 mi. Wàhálà dé.

Bàbá onílé ní ọwọ́ àwọn ò kan owó kankan tó ń jẹ́ kọ́ṣọ̀n. “Ìyá Ìbejì, ẹ lọ bá éjẹ́ǹtì tó gbà á lọ́wọ́ yín.” Mo dé ọ̀dọ̀ éjẹ́ǹtì, ó ní, “Mọ̀mí, Bàbá ni mo kó gbogbo ẹ̀ fún.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń gbá mi síra wọn bíi bọ́ọ̀lù. Aṣọ oníbàárà wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, èmi wà nínú kẹ̀kẹ́. Owó kẹ̀kẹ́ yẹn náà, ta ló máa san án?

Rísíìtì ọwọ́ mi gan-an ló dá mi dúró. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, wọ́n fi báírò pupa kọ ọ́: “Owó ilé àti gbogbo yòókù, ₦410,000.” Gbogbo yòókù! Kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ kọ́ṣọ̀n. Lọ́jọ́ tí mo gbà á, inú mi ń dùn pé mo rílé, n kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ nípa òfin ló là mí lójú. “Àǹtí, òfin wà fún èyí.” Apá 10 nínú òfin ayálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011, èyí tí Gómìnà Fáṣọlá fọwọ́ sí, ní onílé tàbí éjẹ́ǹtì rẹ̀ tó bá gba owó bíi kọ́ṣọ̀n gbọ́dọ̀ kọ rísíìtì rẹ̀ lọ́tọ̀, ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná an, ó pẹ́ tán, lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Òfin náà yọ Apápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, kò yọ Bàrígà. “Onílé tàbí éjẹ́ǹtì” ni wọ́n kọ síbẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sá sẹ́yìn ẹnì kejì mọ́.

Ẹ̀rí ló kù. Mo rántí pé mo fi owó náà ránṣẹ́ láti àkáǹtì mi lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo gba sítétímẹ́ǹtì ọdún méjì sẹ́yìn ní báǹkì: ₦60,000 dá dúró lórí ìlà tirẹ̀, “caution” sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó nínú báǹkì.

Mo gbé e lọ sí Citizens Mediation Centre, ibi tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń báni parí ìjà láìgba owó. Wọ́n fi lẹ́tà pe onílé àti éjẹ́ǹtì. Ọjọ́ tí wọ́n dá ò tíì pé tí Bàbá fi pè mí lórí fóònù: “Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ ká débẹ̀.” ₦54,000 ni wọ́n san. Wọ́n yọ ₦6,000 fún gíláàsì fèrèsé méjì tí bọ́ọ̀lù àwọn ìbejì mi fọ́, mo sì fara mọ́ ọn, torí òótọ́ ni.

Bí mo bá tún ń gba ilé, rísíìtì kọ́ṣọ̀n máa dá wà ni. Màá ya fọ́tò ògiri, fèrèsé àti sókẹ́ẹ̀tì kí n tó gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé. Éjẹ́ǹtì náà ń kọ́? LASRERA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé, ní owó éjẹ́ǹtì ò gbọ́dọ̀ ju ìdá 10 nínú 100 owó ilé lọ. ₦24,000 ni tèmi ì bá jẹ́, ₦50,000 ni mo san. Èyí tó lé yẹn ni mo ń lọ bèèrè báyìí.