Bí gírídì bá ṣubú: bí ilé ìwòsàn kékeré ṣe lè ní iná láì fi èéfín pa àdúgbò

Ọjọ́ tí gírídì, ìyẹn àkójọ wáyà tó ń gbé iná ìjọba káàkiri orílẹ̀-èdè, bá ṣubú, kò sí ẹni tó lè sọ wákàtí tí iná yóò padà dé. Ilé ìwòsàn kékeré ní Láfẹ́ńwá tàbí Aṣẹ́rò, ní Abẹ́òkúta, kò lè dúró de IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, bẹ́ẹ̀ sì ni fèrèsé aládùúgbò kò jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ wọn. Kì í ṣe dandan kí a fi ọ̀kan rúbọ fún èkejì. Bí a bá kó iṣẹ́ ńláńlá jọ sí wákàtí díẹ̀, aláìsàn á ní iná, àdúgbò náà á sì mí.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka 202(c) nínú òfin iná wọn fún ìjọba àpapọ̀ láyè láti pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná máa ṣiṣẹ́ nígbà pàjáwìrì, kódà bó bá ta ko òfin àyíká. Ṣùgbọ́n irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 90 lọ kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò, wákàtí tó pọn dandan nìkan ló sì wà fún. Ó yẹ kí àwa náà máa wọn pàjáwìrì bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ pín ohun tó ń lo iná sí méjì. Àwọn tí kò gbọdọ̀ kú rárá ni fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára, tó gbọ́dọ̀ wà láàárín 2°C sí 8°C, ẹ̀rọ ọ́síjìn tó ń gba nǹkan bí wáàtì 350, àti gílóòbù LED yàrá ìgbẹ̀bí. Gbogbo wọn kò ju wáàtì 500 lọ. Orí ínfátà ni kí ẹ gbé wọn sí. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 48, Ah 100, á fún yín ní nǹkan bí kilowáàtì-wákàtí 7.8 lẹ́yìn tí ẹ bá yọ àdánù kúrò. Ìyẹn tó láti aago méje alẹ́ di mẹ́sàn-án àárọ̀.

Àwọn yòókù lè dúró de jẹnẹrétọ̀: pọ́ǹpù omi (kilowáàtì 1.5), ẹ̀rọ tí a fi ń se irinṣẹ́ (2.5), fífi iná sí bátìrì (4), fírísà àti ẹ̀rọ ìfọṣọ (2). Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10. Jẹnẹrétọ̀ díísù 20 kVA lè gbé kilowáàtì 16, nítorí náà ó ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún, ibi tó ti ń jó epo dáadáa. Ẹ má tan gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o. Pọ́ǹpù àti fírísà máa ń fa iná ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ máa tàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí: wọ́n á tan 20 kVA ní gbogbo òru nítorí fíríìjì kan àti gílóòbù mélòó kan. Tí ẹrù, ìyẹn iná tí ẹ ń fà lára jẹnẹrétọ̀, bá wà lábẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ́ńjìnnì kì í gbóná tó, díísù kì í jó tán, òróró dúdú á máa kán ní sáléńsà, èéfín á sì nípọn. Wákàtí 24 bẹ́ẹ̀ á jẹ nǹkan bí lítà 36. Wákàtí mẹ́rin lórí ẹrù tó péye á jẹ nǹkan bí 14. Lítà díísù kan ń tú nǹkan bí kílò 2.7 káríbọ́ọ̀nù dàósáìdì sáfẹ́fẹ́, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Ẹ tàn án láti aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀, kí ẹ tún tàn án láti márùn-ún sí méje ìrọ̀lẹ́. Ní àsìkò ọyẹ́, èéfín ìdájí kì í gòkè, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ mọ́ láàárín àwọn ilé. Òfin ariwo tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, gbé jáde ní 2009 náà le ju ti ọ̀sán lọ ní òru. Ìta ni kí jẹnẹrétọ̀ wà, ó kéré tán mítà mẹ́fà sí fèrèsé èyíkéyìí, ti aládùúgbò pẹ̀lú, nítorí káríbọ́ọ̀nù mọnóósáìdì kò ní òórùn, ó sì ń pànìyàn.

Ẹ máa wo àwọ̀ èéfín. Dúdú túmọ̀ sí pé ẹrù ti pọ̀ jù tàbí fílítà afẹ́fẹ́ ti dí. Funfun tí kò dáwọ́ dúró: omi wọnú díísù, tàbí epo kò jó. Búlúù: óìlì ló ń jó.

Ẹ pààrọ̀ óìlì ní wákàtí 250. Inú kẹ́ẹ̀gì olómọrí ni kí èyí tó ti gbó lọ, kí ẹ sì fún ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti kó o. Èyí tí ẹ bá dà sí gọ́tà, Odò Ògùn ló ń lọ, odò tí ilé iṣẹ́ omi Arákàńgà ń fà. Bí ẹ bá ní dúrọ́ọ̀mù díísù 200 lítà, ẹ gbé e sínú àwo tó lè gba 220.

Ṣéńjóòfà kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Láìsí i, iná jẹnẹrétọ̀ á gba wáyà padà lọ sí orí òpó, á sì pa òṣìṣẹ́ tó ń tún un ṣe. Nígbà tí iná ìjọba bá dé, ẹ dúró ìṣẹ́jú 15 kí fóòtì fìdí múlẹ̀ láàárín 220 sí 240 kí ẹ tó yí i, kí jẹnẹrétọ̀ sì ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún láìsí ẹrù kí ó lè tutù.

Nínú ìwé kan, ẹ kọ aago tí iná lọ, aago tí ẹ tan jẹnẹrétọ̀ àti èyí tí ẹ pa á, lítà díísù, àti ìdí tí ẹ fi tàn án. Bí OGEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, bá dé, ìwé yẹn ni ẹ ó kọ́kọ́ gbé síwájú wọn.