Bí ẹ ṣe lè tún irin tó ti dógùn-ún lára mọ́tò àtijọ́ tí ò ní ṣáàsì ṣe

Mọ́tò àtijọ́ tó jẹ́ unibody ò ní ṣáàsì lọ́tọ̀ o, bọ́dì yẹn gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ ṣáàsì, bí ilé tí ò lópòó kankan tó jẹ́ pé ògiri ló gbé òrùlé. Torí ẹ̀, tí páànù abẹ́ ilẹ̀kùn tàbí rélì, ìyẹn àwọn irin gígùn abẹ́ mọ́tò, bá ti jẹ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn sáré lọ wá ẹ̀rọ ìjórin, wọ́n rò pé jíjó niṣẹ́. Jíjó ló rọrùn jù níbẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́. Kẹ́ ẹ mọ ibi tí ìdógùn-ún dé gan-an, kẹ́ ẹ sì di mọ́tò mú kó má yẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gé irin kúrò lára ẹ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Inú ni ìdógùn-ún ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Páànù gígùn abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, sílì ni wọ́n ń pè é, ó ní ihò kéékèèké nísàlẹ̀ tó yẹ kí omi máa gbà jáde, ẹrẹ̀ á dí i, omi á jókòó sínú, á máa jẹ irin lọ́dún lọ́dún láìsí ẹni tó rí i. Ìgbà tí ọ̀dà bá fi máa wú bí ìléròrò níta, inú ti bàjẹ́ ju ìta lọ fíìfíì. Ẹ mú òòlù kékeré, ẹ máa kan irin náà jẹ́jẹ́, èyí tó dáa á dún kooro, èyí tó ti jẹ á dún pọ̀kọ̀pọ̀kọ̀. Níbi tẹ́ ẹ bá fura sí, ẹ fi ẹnu sukudíráífà tì í dáadáa, tó bá wọlé, ẹ ti rí i nìyẹn. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì náà wò ó, ibi tí ò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, pọ́tì tàbí fáíbà ni ẹnìkan ti fi bo nǹkan mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ má wo sílì nìkan. Ẹ wo ibi tí ilẹ̀ mọ́tò ti pàdé sílì, ẹsẹ̀ òpó ilẹ̀kùn, ibi tí wọ́n ń ki jáàkì sí, ibi tí sípíríǹgì àti ṣọ́kì fara ti bọ́dì, àti rélì iwájú àti ẹ̀yìn. Lára Ford Mustang ayé ìgbà 1965 sí 1968, abẹ́ gíláàsì iwájú níbi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ni ẹ máa kọ́kọ́ wò, ibẹ̀ ló máa ń jò sórí ilẹ̀ mọ́tò, tẹ́ ẹ bá tún ilẹ̀ ṣe tẹ́ ò tún ibẹ̀ ṣe, iṣẹ́ asán ni. MGB, mọ́tò kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ò ní òrùlé ní tiẹ̀, sílì ẹ̀ ló gbé ọ̀pọ̀ ẹrù torí kò sí òrùlé tó máa bá a gbé e, ó sì ní ìpele irin tó ju ẹyọ kan lọ nínú, ẹni tó bá pààrọ̀ ti òde nìkan kàn fi aṣọ bo ọgbẹ́ ni.

Kẹ́ ẹ tó tan iná rárá: ẹ tú bátìrì kúrò, ẹ tú táńkì epo àti páìpù epo tó kọjá nítòsí, àga, kápẹ́ẹ̀tì, wáyà, àti nǹkan dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ mọ́tò láti fi pa ariwo, torí ó ń gbiná. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, ẹ bo imú yín dáadáa tẹ́ ẹ bá ń yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀rọ apaná gbọ́dọ̀ wà nítòsí, kẹ́ ẹ sì ní ẹnìkan tó dúró tì yín tó ń wo òdìkejì páànù, torí ẹni tó wọ ìbojú ìjórin ò lè rí iná tó ń jó lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá parí lọ́jọ́ náà, ẹ má tìlẹ̀kùn kẹ́ ẹ lọ sílé kíá, ẹ dúró tó wákàtí kan kẹ́ ẹ tún un wò. Ó ku ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: ẹ má fi brake cleaner, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì, tó ní chlorine nínú nu irin tẹ́ ẹ fẹ́ jó. Tí iná ìjórin bá kàn án, ó lè di phosgene, gáàsì tó ń pa èèyàn.

Ó wá kan dídi mọ́tò mú. Ibí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí. Ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹrù ẹ̀ wà níbi tí ẹsẹ̀ táyà ń gbé e, yálà lórí táyà fúnra ẹ̀ tàbí lórí sítáǹdì tẹ́ ẹ gbé sábẹ́ ibẹ̀, kì í ṣe láàárín, torí tó bá jẹ́ àárín lẹ gbé e lé, iwájú àti ẹ̀yìn á rọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kẹ́ ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ wo àlàfo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, tó bá ti há lókè tó sì fẹ̀ nísàlẹ̀, mọ́tò náà ti ń tẹ̀ láàárín tẹ́lẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi jáàkì gbé e padà díẹ̀díẹ̀ títí àlàfo náà á fi dọ́gba kẹ́ ẹ tó jó nǹkankan pọ̀. Tẹ́ ẹ bá jó o nígbà tó tẹ̀, bó ṣe máa tẹ̀ láéláé nìyẹn o.

Ẹ fi téèpù wọn ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn láti igun òkè iwájú sí igun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ wọn òdìkejì náà, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà ẹ wá fi irin páìpù oníhò onígun mẹ́rin jó àárín òpó iwájú mọ́ òpó ẹ̀yìn, ọ̀kan gbalaja, ọ̀kan dábùú, irin tó lágbára, kì í ṣe ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ṣe é lọ́nà tí ilẹ̀kùn á ṣì lè tì, torí ilẹ̀kùn yẹn ni ẹlẹ́rìí yín. Ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ẹ má ṣe gé sílì ọ̀tún àti òsì pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ì báà jẹ́ pé ẹ ní àmúró bíi mẹ́wàá.

Gígé: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òde, ẹ ṣí páànù òde kẹ́ ẹ lè rí inú, ibi tí ilé iṣẹ́ ti fi iná kéékèèké lẹ irin pọ̀ ẹ fi bíìtì tó ń lu sípọ́ọ̀tì jáde, nǹkan bíi 8 mm, gé ipele òkè nìkan. Ẹ máa gé títí ẹ ó fi kan irin tó mọ́ roro, tó nípọn bó ṣe nípọn látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣojú àánú. Irin tó ti fẹ́lẹ́ bíi bébà máa jó dànù lẹ́nu iná, ẹ ó sì máa lé ihò kiri títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ẹ tún má fi páànù tuntun bo èyí tó dógùn-ún, omi á ha sáàárín méjèèjì, á wá jẹ gbogbo ẹ̀.

Ẹ gé páálí sí ìrísí ibi tó sófo, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi bá a mu, kẹ́ ẹ wá fi ya ti irin. Irin lásán ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe páànù tí wọ́n fi zinc bò, èéfín zinc máa ń fa ibà àti òtútù. Ẹ fi kálípà wọn ibi tó ṣì dáa lára mọ́tò náà kẹ́ ẹ lo ìwọ̀n kan náà: ilẹ̀ mọ́tò sábà máa ń wà láàárín 0.8 sí 1 mm, sílì nǹkan bíi 1.2, rélì lè dé 1.5 tàbí 2. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lo èyí tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó lè lágbára. Mi ò gbà. Etí ibi tí irin nípọn pàdé irin fẹ́lẹ́ ni gbogbo ìnira máa wọ́ sí, ibẹ̀ ló máa ya.

Jíjó wá ni. MIG, ẹ̀rọ ìjórin tí wáyà ń jáde lẹ́nu ẹ̀, ló dáa fún ẹni tó ń ṣe é nílé, wáyà 0.6 mm, gáàsì argon tí CO2 wà nínú ẹ̀. Ẹ̀rọ elẹ́kítíróòdù yẹn le jù fún páànù fẹ́lẹ́. Ẹ fọ ojú irin méjèèjì kó mọ́ kooro, ẹ dì í mú pẹ̀lú kílááǹpù, ẹ jó o ní tòtòtò, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ má jó o gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan náà, ooru á lọ́ ọ. Níbi tí ilé iṣẹ́ ti lo sípọ́ọ̀tì, ẹ lu ihò 6 sí 8 mm sí páànù òkè, kẹ́ ẹ fi iná kún un, kó pọ̀ tó iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é lórí àjókù irin méjì tó nípọn bákan náà, ẹ fi òòlù àti sísẹ́ẹ̀lì ya wọ́n, tí ojú jíjó bá fa irin ya mọ́ra tó fi ihò sílẹ̀, ó dáa, tó bá kàn já wọ́lọ́, iná yín kéré nìyẹn. Rélì ní tiẹ̀, ẹ má jó o ní ìdojúkọra lásán, ẹ fi irin sínú ẹ̀ kó gba ojú jíjó náà dúró, kẹ́ ẹ sì gé ẹnu ẹ̀ ní ìdábùú. Ẹ máa wo ilẹ̀kùn, ẹ máa fi téèpù wọ̀n ọ́n lóòrèkóòrè, kẹ́ ẹ má yọ àmúró títí gbogbo ojú jíjó fi parí.

Tó bá tutù, ẹ fi gíráíńdà tún ojú ẹ̀ ṣe, kẹ́ ẹ má yún un fẹ́lẹ́. Epoxy primer, ọ̀dà ìpìlẹ̀, ló tẹ̀ lé e, tinú tòde, kó tó di pé ẹ fi sílà, nǹkan tó ń dí àlàfo kí omi má wọlé, sójú gbogbo ìpàdé irin, sílà kì í lọ sórí irin òfìfo. Ọ̀dà tó ń yí ìdógùn-ún padà yẹn, ojú irin tó kàn pupa díẹ̀ ló wà fún, kì í ṣe fún ihò. Lẹ́yìn ọ̀dà pátápátá ni ẹ máa fi wax sí inú sílì àti rélì pẹ̀lú ọ̀pá gígùn onífifọ́n, ẹ jẹ́ kó sun jáde ní gbogbo ihò kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ó ti dé ibi gbogbo. Tó bá dì tán, ẹ mú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ fi gún àwọn ihò omi tó wà nísàlẹ̀ sílì lọ́kọ̀ọ̀kan, torí wax yẹn náà lè dí wọn pa.