Ẹgbẹ́ tí wọ́n ní kí o má ṣe: fún ọmọ Àkúrẹ́ àti Oǹdó tó ń lọ kàwé ní Amẹ́ríkà

Bí oṣù keje bá ti wọlé, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà a máa wá sílé mi ní Alágbàka, ní Àkúrẹ́. Àwọn mìíràn á ti Oǹdó wá, ìyá wọn á sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n mọ̀ pé mo lo ọdún mẹ́rin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́hùn-ún kí n tó padà wálé. Ìbéèrè wọn kì í ju mẹ́ta lọ: irú kóòtù wo ni kí àwọn rà, ṣé wọ́n á jẹ́ kí àwọn gbé ẹ̀gúsí wọlé, iṣẹ́ wo ni àwọn lè ṣe. Kò sí ẹni tó tí ì bi mí pé ẹgbẹ́ wo ni kí òun dara pọ̀ mọ́. Bí èmi fúnra mi bá sì fẹnu kàn án, ojú ìyá á yí padà: "Ẹgbẹ́ kẹ̀? Ìwé ló ń lọ kà o!"

Mi ò lè bá ìyá bẹ́ẹ̀ jà, nítorí mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ní 1952, akẹ́kọ̀ọ́ méje dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ilé ìwé gíga Ìbàdàn. Kì í ṣe ìpànìyàn ló wà lọ́kàn wọn, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ya kúrò lára rẹ̀, òmíràn tún tẹ̀ lé e, títí ọ̀rọ̀ fi di ti ẹgbẹ́ òkùnkùn tó ń ta ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwé wa. Láti ìgbà náà, ọmọ tó bá ń lọ sí yunifásítì, ọ̀rọ̀ ìdágbére tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni "má ṣẹgbẹ́ o." Èmi náà gbọ́ ọ. Mo dì í mọ́ gàrí mi, mo gbé e dé Amẹ́ríkà, mo sì fi ọdún kan gbáko pa á mọ́.

Kíláàsì, láíbúrárì, yàrá mi: ibi mẹ́ta tí mo mọ̀ nìyẹn. Máàkì mi dára. Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù kọkànlá ni Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ wọn, gbogbo ọmọ ilé ìwé sì ń lọ sọ́dọ̀ òbí wọn. Ilé oúnjẹ inú ọgbà ti ilẹ̀kùn pa. Ímeèlì tí wọ́n fi kìlọ̀ fún wa wà lára èyí tí mi ò ṣí. Ọjọ́ mẹ́rin ni èmi nìkan fi wà ní hóstẹ̀lì náà, tí mò ń mu gàrí Ọjà Ọba láàárọ̀ àti lálẹ́, tí kò sí ilẹ̀kùn kan tí mo lè kàn. Kì í ṣe pé ahun ni àwọn ará ibẹ̀. Àwọn ìdílé wà nínú ìlú tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì lálejò lọ́jọ́ yẹn gan-an, àmọ́ inú ẹgbẹ́ ni wọ́n ti ń kọ orúkọ, èmi ò sì sí nínú ìkankan.

Àbúrò mi, ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nìyí: lọ́hùn-ún, ẹgbẹ́ wà lára ẹ̀kọ́. Láti 1984 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Alexander Astin ti UCLA, yunifásítì kan ní Los Angeles, ti ṣàlàyé pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe fi ara àti ọkàn sí ìgbé ayé ilé ìwé tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí yóò rí kọ́ níbẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Àwọn ilé ìwé wọn gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Wọ́n ní ọ́fíìsì tó ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń sanwó oṣù fún òṣìṣẹ́ ibẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé ńlá sáàárín ọgbà fún ìpàdé. Student Union ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń pe ilé yẹn. Má jẹ́ kó rú ọ lójú: nílé, Union ni àwọn tó ń kó wa jáde lọ ṣe ìwọ́de, níbẹ̀, ilé tí èèyàn ti ń jẹun ni. Àwọn aṣáájú akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń pè ní Student Government.

Tún wo bíìlì ilé ìwé rẹ dáadáa. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wàá rí owó kan níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ activity fee. Ó pọn dandan, kò sí ẹni tó bi ọ́ kí wọ́n tó yọ ọ́. Òun ni Student Government ń pín fún àwọn ẹgbẹ́ tó bá kọ̀wé béèrè. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé písà síwájú rẹ níbi ìpàdé, jẹ ẹ́. Owó bàbá rẹ ni.

Báwo lo ṣe máa mọ ẹgbẹ́ gidi yàtọ̀? Orúkọ rẹ̀ á wà lórí wẹ́ẹ̀bù ilé ìwé, á ní òfin tó kọ sílẹ̀, á ní olùdámọ̀ràn tó jẹ́ olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́, yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé, ọjọ́ tó bá sì wù ọ́ lo lè fi í sílẹ̀.

Èyí tó gba kí o fara balẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi lẹ́tà Gíríìkì jẹ́ orúkọ, fraternity ti ọkùnrin, sorority ti obìnrin. Kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn bí a ṣe mọ̀ ọ́n nílé. Alpha Phi Alpha, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Cornell ní 1906, ti mú àwọn èèyàn ńlá jáde. Ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ wọn wọ́n, ìyà tí àwọn kan fi ń jẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní hazing, sì ti pa ọmọ rí. Ní oṣù kejìlá 2024, òfin ìjọba àpapọ̀ kan jáde tó ní kí ilé ìwé máa gbé orúkọ ẹgbẹ́ tó bá jẹ̀bi irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí gbangba. Ka àkójọ orúkọ náà lórí wẹ́ẹ̀bù ilé ìwé rẹ kí o tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bí wọ́n bá ní kí o mu ohun tí o ò fẹ́ mu, tàbí kí o pa ohun kan mọ́ láṣìírí, dìde kúrò níbẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ìyá rẹ jàre.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tàbí ìkejì sáà, ní ìparí oṣù kẹjọ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ni wọ́n máa ń ṣe club fair. Wọ́n á to tábìlì sórí koríko, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á dúró ti tirẹ̀. Ó dà bí ọjọ́ ọjà, àfi pé wọn kì í gba kọ́bọ̀. Má kọ orúkọ síbi ogún. Méjì tó, má jù mẹ́ta lọ. Ọ̀kan nínú rẹ̀ kó jẹ́ ti àwọn èèyàn wa, African Students Association tàbí irú rẹ̀: àwọn ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́ àti ẹni tó lè dirun. Èkejì, ti iṣẹ́ tí ò ń kọ́. Ọ̀pọ̀ yín tó ń ti ìlú FUTA lọ, ẹnjiníà lẹ fẹ́ kà; ẹ béèrè NSBE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà aláwọ̀ dúdú tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Purdue ní 1975. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá máa ń wá síbi àpéjọ ọdọọdún wọn láti wá òṣìṣẹ́. Ẹ̀kẹta, ohun tí o ò ṣe rí láyé rẹ.

Tèmi jẹ́ rédíò inú ọgbà. Lọ́dún kejì, wọ́n fún mi ní wákàtí kan lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń fi jùjú àti àgídìgbo dá wọn lára yá. Olùkọ́ kan tí mo ti jókòó ní kíláàsì rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin láìsọ̀rọ̀ dá mi dúró lọ́nà, ó ní irú ìlù wo nìyẹn. Òun ló wá kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún mi nígbà tí mo nílò rẹ̀. Máàkì mi ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́, kò mọ ojú mi ni. Lọ́dún kejì náà, wá ipò kékeré, akọ̀wé tàbí akápò, kí ẹni tó bá máa kọ lẹ́tà rẹ lè rí ohun tí o ṣe tọ́ka sí.

Ṣùgbọ́n físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, ní ààlà tirẹ̀. Fún ẹni tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́, kírẹ́dítì tí àwa ń pè ní yúnìtì kò gbọ́dọ̀ dín sí 12 ní sáà kan, kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń kà mọ́ ọn. Bí ẹgbẹ́ bá ń dí ìwé lọ́wọ́, ẹgbẹ́ ni kí o jù sílẹ̀, má ju kíláàsì láìjẹ́ kí DSO mọ̀, ìyẹn òṣìṣẹ́ ilé ìwé tó ń bu ọwọ́ lu I-20 rẹ, ìwé tí o fi gba físà. Iṣẹ́ inú ọgbà kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá wọlé. Bí ipò kan bá ní owó nínú, tàbí yàrá ọ̀fẹ́ bíi ti resident assistant, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bójú tó hóstẹ̀lì, béèrè lọ́wọ́ DSO kí o tó gbà á.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ìdìbò. Àwọn ọmọ ilé ìwé á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ pẹ̀lú bírò àti fọ́ọ̀mù, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ọ, wọ́n á ní kí o forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ìdìbò ìjọba ni o. Wọn ò mọ̀ pé àlejò ni ọ́. Bí o bá buwọ́ lù ú, o ti sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ọ́, irọ́ yẹn sì lè ti ilẹ̀kùn ilẹ̀ náà mọ́ ọ títí láé. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o kọjá. Ìbò Student Government nìkan ni tìrẹ. Ọtí náà, kò sí fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21, ì báà jẹ́ níbi àríyá ẹgbẹ́.

Ìpàdé aago márùn-ún, aago márùn-ún ni. Àti pé nílé, bí wọ́n bá ní ká wá jẹun, a máa ń ní "á gba ibi ire," ẹni tó pè wá á sì tún rọ̀ wá. Níbẹ̀, bí o bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gbé abọ́ náà lọ, wọn ò sì ní pè ọ́ mọ́. Kì í ṣe ìkórìíra. Wọ́n rò pé bí o ṣe wí náà lo fẹ́ ni.

Bó o bá ń di ẹrù rẹ, fi àyè sílẹ̀ fún bùbá kan àti fìlà tàbí gèlè. Wọ̀ ọ́ lọ sí club fair. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa á rí ọ láti òkèèrè, wọ́n á pè ọ́ wá sí tábìlì wọn. Má sọ pé á gba ibi ire.