Àṣìṣe tí tọkọtaya máa ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ gba etíkun orílẹ̀-èdè Benin

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n ní, síbẹ̀ wọ́n á fẹ́ rí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kútọnu, Ganvié tó jẹ́ abúlé orí omi, Ouidah àti Grand-Popo, wọ́n á tún ní àwọn fẹ́ yọjú sí Lomé ní Togo. Inú ọkọ̀ ni irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ń parí sí. Ẹ mú ìlú méjì. Bó bá jẹ́ èmi ni, Àjàṣẹ́ àti Ouidah ni.

Àjàṣẹ́ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ máa ń fò. Bí wọ́n bá ti kọjá bọ́dà Ṣẹ̀mẹ̀, ó di Kútọnu tààrà. Bẹ́ẹ̀ olú-ìlú ni, ẹ ó sì gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn ará ọjà ibẹ̀. Mọ́ṣáláṣí ńlá wọn, ẹ ó kọ́kọ́ rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni: àwọn Mùsùlùmí inú àwọn Àgùdà, ọmọ àwọn tó ti oko ẹrú Brazil bọ̀, ló kọ́ ọ bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil, ilé gogoro méjì níwájú, ọ̀dà aláràbarà lára rẹ̀. Ẹ má sáré kúrò níbẹ̀.

Ní bọ́dà, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní “a máa bá wọn sọ̀rọ̀.” Kí oníkálukú mú páásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì (ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú) tirẹ̀ dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ má sì ṣẹ́ gbogbo owó yín sí séfà lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ tó bá pè yín.

Ní Kútọnu, ẹ dúnàá-dúrà pẹ̀lú ọlọ́kadà kí ẹ tó gùn ún. Zémidjan ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ mọ orúkọ ibi tí ẹ ń lọ, kí ọkọ má baà wọ́ lọ níwájú, kí ìyàwó máa fi Yorùbá bá ẹni tó ń sọ Faransé jà lẹ́yìn.

Ouidah kì í ṣe ibi tí èèyàn ń dé lójijì ní January. Nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù náà ni ọdún Vodun, ìyẹn ọdún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn, yàrá sì máa ń wọ́n, ẹ tètè gbà á sílẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń kó ẹrú gbà dé òkun tó nǹkan bíi kìlómítà 4, ẹ má rìn ín lọ́sàn-án gangan. Ilé Erè (ilé òrìṣà tí ejò erè wà) àti ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì dojú kọra wọn láàárín ìlú, ẹ bèèrè kí ẹ tó yọ fóònù. Bí ẹ bá pàdé Zangbeto (irú eégún kan tó ń fi koríko bora) tàbí eégún mìíràn, ẹ fi fóònù sápò.

Òkun ibẹ̀ sì ń fa èèyàn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, kó wá hòtẹ́ẹ̀lì tó ní odò ìlúwẹ̀ẹ́.