Bí mo ṣe ṣe olórí èsúsú àwa aránṣọ mẹ́wàá ní Mọ́kọ́lá

Alájọ ló máa ń yí ṣọ́ọ̀bù wa kiri tẹ́lẹ̀. Á gbowó lójoojúmọ́, á sàmì sí káàdì. Tóṣù bá parí, á yọ owó ọjọ́ kan ṣe tirẹ̀, á kó ìyókù fúnni. Kò burú, àmọ́ owó ẹni náà ló ń padà sọ́wọ́ ẹni. Aránṣọ tó fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun, owó gọbọi ló ń wá. La bá dá èsúsú, wọ́n ní kí n ṣe olórí.

₦5,000 la fẹnu kò sí, alaalẹ́ Sátidé. Ẹni tó bá kàn á kó ₦50,000, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá la ó fi yí i po.

Owó dídá kò le. Ta ni yóò kọ́kọ́ kó o? Ibẹ̀ nìjà wà. Ẹni tó kó ṣáájú ti jẹ wá ní gbèsè. Ẹni tó kó kẹ́yìn ló yá gbogbo wa lówó láìgba èlé. Àbúrò mi tó ń kàwé ní Yunifásítì sọ fún mi pé àwọn ará Trinidad náà ń dá èsúsú, susu ni wọ́n ń pè é. Mo ní ṣé àwọn náà ń jà báyìí?

Mo fi ara mi sí ìkẹwàá kí ẹnikẹ́ni má baà sọ̀rọ̀. Mo kọ nọ́ńbà sí bébà mẹ́sàn-án, mo dà á sínú fìlà bàbá tó ń lọṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kálukú fà. Ìyá Ìbejì fa 8, owó ilé ìwé sì ti dé. Ó bẹ ẹni tó fa 2, wọ́n ṣe pààrọ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé, àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, ẹni tó kọ́kọ́ kó pa fóònù. Mo dúpẹ́ pé mo ti ní kí kálukú mú onígbọ̀wọ́ wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà ló dúró fún un. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin la mọ̀."

Ó pòṣé. "Ta ló ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ kó?"

"Fìlà ni, mà."

Ó tú etí ìró rẹ̀, ó ka ₦5,000 fún mi, ó sì lọ wá a rí fúnra rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kò pa Sátidé kankan jẹ mọ́.

A ti bẹ̀rẹ̀ ìkejì báyìí. Ó ṣì wà láàárín wa, ṣùgbọ́n bébà mẹ́jọ ló wọ fìlà. Òun ni 9, èmi ni 10.