Ìpápánu Ẹni Tó Ń Ṣe Eré Ìdárayá: Ẹ Wo Ohun Tí Ẹ Fi Ń Tì Í

Láti ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá òwúrọ̀ Sátidé, inú wa ń dùn bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i. Ohun tí à ń rí lẹ́yìn eré ni kò tẹ́ wa lọ́rùn. Kí òógùn tó gbẹ, wọ́n ti ṣí kúlà mínírà. Ìyá tó yára rìn láti ilé ìwé dé ọjà, tó sì rìn padà, á gbé odidi ìgò kan mì. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, á ní kí ló dé tí òun ò fọn.

Ẹ ka ara ìgò náà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé sùgà gíráàmù 10 ló wà nínú mílílítà 100, ìgò 50cl ti gba gíráàmù 50 nìyẹn. Ó lé ní ṣíbí tíì 12, ó sì tó kálórì 200, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Ẹni tó tó kílò 70 ní láti rìn kíákíá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 kó tó lò ó tán. Ìrìn àárọ̀ ti bá ìgò kan lọ. Nínú Òfin Ìnáwó 2021, ìjọba àpapọ̀ bu owó orí náírà 10 lé lítà kan ohun mímu dídùn. Náírà 5 péré nìyẹn lórí ìgò 50cl. A ò tíì rí ẹni tó torí ẹ̀ gbé ìgò sílẹ̀.

Mọ́ọ̀tì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ló ń fúnni. Jùúsì inú páálí náà wà níbẹ̀, àti zóbò tí wọ́n da sùgà sí. Bí zóbò bá wù yín, ẹ sè é pẹ̀lú èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ata ilẹ̀, kí ẹ má fi sùgà kankan sí i. Lẹ́yìn eré wákàtí kan, omi ni kí ẹ mu: ọ̀rá kan, tàbí ọ̀kan ààbọ̀ bí oòrùn bá mú.

Ẹ̀pà dára, àmọ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ̀kúnwọ́ kan, gíráàmù 30, tó kálórì 170, purotéènì inú rẹ̀ sì tó gíráàmù 7. Ẹ bù ú sí abọ́ kékeré, ẹ dé ìgò padà, ẹ gbé e kúrò níwájú yín. Ẹni tó bá jẹ ìgò ẹ̀pà 75cl tán nídìí tẹlifíṣọ̀n ti jẹ ju kálórì 2,000 lọ. Ẹ ṣa èyí tó ti bu, tó dúdú tàbí tó ń korò kúrò. Yíyan kì í pa májèlé tó wà nínú ẹ̀pà tó bu tán. Ẹ má sì kó o fún adìyẹ, ó lè pa wọ́n.

Ẹyin sísè kan ní purotéènì gíráàmù 6; ẹni tó ń gbé irin lè jẹ méjì. Bọ̀ọ̀lì ààbọ̀ tó. Ọsàn, ẹ jẹ ẹ́ tòun ti ẹran inú rẹ̀, ẹ má fún omi rẹ̀ mu. Pọ́fù-pọ́fù àti ṣíńṣín, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ ìnáwó.

Ẹni tó kọ ebè láti àárọ̀ di ọ̀sán, a ò ní kẹ́ ẹ dín oúnjẹ kù o. Ẹ jẹun yó. Ẹni tó sì ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì nítorí àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ mú sùgà dání wá sí pápá: bí ara bá ń gbọ̀n tàbí òyì ń kọ́ ọ, kó lá a kíákíá, kó sì jókòó.

Owó tí ẹ ń dá fún mínírà, ẹ fi ra ẹyin àti omi láti Sátidé tó ń bọ̀. Ẹyin kan àti ọ̀rá omi kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí akọ̀wé máa fàmì sí orúkọ ẹni tó bá ti gbà.