Bí a ṣe ń ka ẹ̀dá eléìkarahun inú ẹrẹ̀ òkun láti Ilé-Ifẹ̀

Ilé-Ifẹ̀ jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n Igbó Olókun wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ dígí láyé àtijọ́. Ohun tí a fẹ́ kà yìí kéré ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ dáadáa. Foraminifera ni wọ́n ń pè é. Sẹ́ẹ̀lì kan péré ni gbogbo ara rẹ̀, síbẹ̀ ó ń kọ́ ìkarahun tirẹ̀. Òmíràn ń fi irú ohun tó wà lára ìkarahun ìgbín kọ́ ọ, òmíràn ń lẹ wóro iyanrìn pọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò tó mìlímítà kan.

Ẹ bẹ apẹja kan ní Àgbádárìgì kó bá yín fa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun sókè. Ojú ẹrẹ̀ náà ni kí ẹ ha, kó má ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ẹ da spírítì sí i lójú ẹsẹ̀ kó má baà rà. Bí ẹ bá rí aró rose Bengal, ẹ pò ó mọ́ ọn, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ara èyí tó wà láàyè nígbà tí ẹ bù ú yóò pọ́n.

Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ orúkọ ibi tí ẹ ti bù ú, bí omi ibẹ̀ ṣe jìn tó àti ọjọ́ rẹ̀. Bíró ni mo fi kọ tèmi nígbà àkọ́kọ́. Spírítì fọ gbogbo rẹ̀ dànù. Ike mẹ́fà, mi ò mọ èyí tó ti ibo wá mọ́. Bí ìkarahun ṣe lẹ́wà tó, bí a kò bá mọ orírun rẹ̀, kò wúlò fún iṣẹ́ yìí.

Asẹ́ ilé ìdáná fẹ̀ jù. Asẹ́ tí ojú ihò rẹ̀ jẹ́ máíkírónì 63 ni kí ẹ wá (ẹgbẹ̀rún máíkírónì ló wà nínú mìlímítà kan). Ẹ da ẹrẹ̀ náà sínú rẹ̀, ẹ rọra da omi sí i, ẹ má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Kí ohun kíkan má sì kàn án, nítorí ìkarahun tó dà bí ti ìgbín yóò hó, yóò yòrò. Ẹ sá iyanrìn tó bá kù nínú asẹ́.

Ẹ wá tẹ́ díẹ̀ sórí páálí dúdú lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹ ki ẹnu búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín bọ omi, kí ẹ máa fi ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe yan èyí tó wù yín: ẹ pín iyanrìn náà sí ọ̀nà kéékèèké, kí ẹ ṣa gbogbo ohun tó wà nínú ìpín kan tán kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn. Nǹkan bí 300 ni wọ́n sábà máa ń kà.

Oríṣi foraminifera ni Ammonia àti Bolivina. Ammonia ká bí ìgbín. Yàrá kéékèèké inú ìkarahun Bolivina tò ní ìlà méjì bí irun dídì. Ẹ ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye yàrá inú rẹ̀ àti ibi tí ẹnu rẹ̀ wà. Èyí tí kò bá dá yín lójú, ẹ pè é ní “Bolivina 1”, kí ẹ má fi tipátipá sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ ka èyí tó pọ́n lọ́tọ̀, ẹ ka òfìfo lọ́tọ̀.

Iyanrìn tó bá ṣẹ́ kù, ẹ dà á padà sínú ike rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí ẹ fi pẹ́ńsù kọ. Ẹlòmíràn lè fẹ́ tún un kà.